Sàlàhúdíìnì, Ẹni Tó Ń Fi Aago Ṣọ́ Omi

Sàlàhúdíìnì, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ọdún márùn-ún pé lónìí! Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1982 lo lọ, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1987 la wà yìí. Ọdún márùn-ún gbáko tí a ò gbọ́ ohùn rẹ nínú ilé yìí.

Èmi Sìlífátù ni mò ń kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ títí ẹ̀yìn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Bàbá ló ní kí n kọ ọ́. Wọ́n ní nínú gbogbo ọmọ àwọn, èmi ni ẹnu mi kì í sinmi, kí n kúkú fi ẹnu náà ṣe ohun tó wúlò lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ náà mọ Bàbá. Wọn ò tíì yí padà.

Àwọn àlùfáà ti wá láàárọ̀, wọ́n ti ka Kùránì, wọ́n ti ṣàdúrà fún ọ. Ìyá din àkàrà sàráà, àwọn ará àdúgbò jẹ, wọ́n yó, wọ́n ní kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ọ. Àmín! Ní báyìí ilé ti pa rọ́rọ́, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé ìwé lé orí itan. Jẹ́ kí n ròyìn ilé fún ọ.

Ilé ẹ̀yìn ti parí! Ilé tí o fi sílẹ̀ ní ojú fèrèsé, Bàbá ti kan páànù sí i, wọ́n ti rẹ́ ẹ, wọ́n sì ti kùn ún ní àwọ̀ ewé. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí a ṣì ń pè ní yàrá Sàlàhúdíìnì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ò sun inú rẹ̀ rí. Sàfúrátù ọmọ rẹ ló ń sùn níbẹ̀ pẹ̀lú Ìyá.

Sàfúrátù! Háà, o fi ọmọ sílẹ̀ fún wa o! Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí o lọ, ó ti pé méje. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ, kò sì dí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rárá. Gbogbo ohun tó bá fojú kàn ló ń bèèrè ìdí rẹ̀. Kí ló dé tí iyọ̀ fi ń yọ́? Kí ló dé tí aṣọ tí Ìyá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú aró fi máa ń jọ ewé kó tó di aró lójú afẹ́fẹ́? Ìyá ní kó má wulẹ̀ bi òun, pé òun ti dáhùn ìbéèrè bàbá rẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ìdáhùn ti tán lẹ́nu òun. Bùsírátù ìyàwó rẹ ti ní ọkọ mìíràn ní Papalanto. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọkọ náà, a sì fọwọ́ sí i. Kò sí oṣù tí kì í wá wo ọmọ rẹ̀. Inú wa dùn sí i, kí inú rẹ náà dùn.

Ṣọ́ọ̀bù mi ń lọ! Láfẹ́nwá kan náà, ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ kan náà. Àga mẹ́fà ló wà níbẹ̀ báyìí, mo sì ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin yọrí. Kò sí obìnrin tó jókòó sórí àga mi tí kò jẹ ọ́ ní ọpẹ́, bí ọ̀pọ̀ wọn ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ. Bàbá ní a ó ka ìwé yìí sétí gbogbo ẹbí, nítorí náà jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí àwọn ọmọ tí kò bá ọ láyé lè gbọ́.

Ọdún 1980 ni. Jẹ́rì-kọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Abẹ́òkúta, gbogbo èèyàn ló fẹ́ kí irun àwọn ká, kó máa dán, kí òróró máa kán sí wọn lọ́rùn. Omi méjì la fi ń ṣe é. Omi àkọ́kọ́, èyí tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ló ń mú kí irun rọ̀, ká lè fi ká rólà. Omi kejì ló ń mú un le padà, kó lè dúró bí a ṣe ká a. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ní Èkó kò ju ìyẹn lọ, mo sì rò pé mo ti mọ gbogbo rẹ̀ tán. Èmi yìí!

Ìyá fún mi ní abọ́ tánganran ńlá kan lọ́jọ́ tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Tánganran inú rẹ̀ ti hó, irin abẹ́ rẹ̀ sì ti ń dípẹtà, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn Ìyá ni, mi ò lè kọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ ni mo ń da omi àkọ́kọ́ sí, tí mo ń fi omi kànga ilé wa là á kó lè pọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo da omi tó mọ́ gaara sí i, mo yíjú mú kóòmù, kí n tó yíjú padà, ó ti di elésè àlùkò! Ẹ gbà mí!

Míìsì Harriet, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ni wọ́n wà lórí àga lọ́jọ́ náà. Wọ́n fò dìde. Wọ́n ní ìyá mi aláró ti gbé abọ́ aró fún mi, pé ṣé orí àwọn ni mo fẹ́ pa láró ni. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n jókòó, mo sì ṣe irun náà parí. Lọ́jọ́ kẹta, irun ti nà gbọọrọ. Míìsì Harriet we gèlè wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ṣí i wò fún gbogbo ibùdókọ̀, wọ́n sì fi òyìnbó àti Yorùbá ṣàlàyé irú onísàlúùnù tí mo jẹ́. Ojú tì mí dé eegun! Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn méjì mìíràn tún dé pẹ̀lú irun tó nà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, èmi nìkan ni mo ń jókòó lórí àga tí mo rà.

Mo di ẹ̀bi náà ru Ìyá. Mo ní abọ́ aró ni wọ́n fún mi. Ìyá búra pé aró ò kan abọ́ náà rí, pé ẹni tó ti ń rẹ aṣọ fún ogójì ọdún kò ní ṣàìmọ aró nígbà tó bá rí i. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń kí ara wa bí àlejò nínú ilé kan náà. Ìwọ lo bá wa bẹ́ẹ̀ nígbà tí o wá fún ìsinmi láti yunifásítì ní Ìbàdàn.

O ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. O ní kí n pò ó bí mo ṣe máa ń pò ó. O gbé abọ́, o mì í, àwọ̀ náà ṣú. O gbé e kalẹ̀, àwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, ó ṣá títí ó fi mọ́ bí omi òjò. O tún mì í, ó tún ṣú! O bọ́ aago ọwọ́ rẹ, o gbé e síwájú, o sì jókòó ti abọ́ yẹn láti ìyálẹ̀ta títí wọ́n fi pe ìrun alásárì. Mo ní ìwé ti yí ọ lórí. Etí rẹ ni mo sọ ọ́ sí, o ò tilẹ̀ bojú wò mí.

Nígbà tí o dìde, o ní kì í ṣe aró. O ní imí-ọjọ́ ló wà nínú omi tó ń rùn náà, imí-ọjọ́ sì wà nínú irun orí èèyàn. Nínú irun, wọ́n di ara wọn mú ní méjì méjì, ìyẹn ló ń jẹ́ kí irun le. Omi àkọ́kọ́ ń já wọn, omi kejì ń so wọ́n padà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ lásán náà lè so èyí tó wà nínú omi pọ̀ ní méjì méjì, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n bá sì ti so pọ̀ tán, wọn ò ní agbára lórí irun mọ́. O ní ìpẹtà, ti ara abọ́ àti èyí tó fara pamọ́ sínú omi kànga, ni alárinà wọn. Ó ń fa méjì pọ̀ wàràwàrà, òun fúnra rẹ̀ kì í ṣègbéyàwó, ó tún ń yí padà lọ wá méjì mìíràn. Òògùn mi ti gbéyàwó tán nínú abọ́ kó tó dé orí Míìsì Harriet!

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ìyá ní ṣé gbogbo wa gbọ́ ọ, pé kì í ṣe aró, kí ẹni tó pe àwọn ní òpùrọ́ wá kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ìyá fi ọwọ́ gbá mi lórí, ìjà parí. Láti ọjọ́ náà, abọ́ ike àti omi òjò ni mò ń lò, mi ò sì po òògùn sílẹ̀ de oníbàárà mọ́. Irun ń ká, ó ń dúró. Mo tún ti Míìsì Harriet ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì di ẹni tó ń polówó mi kiri gbogbo ilé ẹ̀kọ́.

Ẹlòmíràn ì bá fi mọ síbẹ̀. Ìwọ kọ́! O lọ bá olùkọ́ rẹ, Dókítà Theophilus, o ní ohun tí o fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ oyè kejì rẹ nìyẹn. Báwo ni wọ́n ṣe ń yára so pọ̀ tó nínú omi? Kí ló ń mú un yá? Kí ló ń fà á sẹ́yìn? Ọdún méjì lo fi ń béèrè ohun mẹ́ta yìí. O bu omi kànga ilé, o bu omi ẹ̀rọ, o bu omi odò Ògùn lábẹ́ afárá Láfẹ́nwá, o bu omi Papalanto tí ẹfun wà nínú rẹ̀. O ń po òògùn ní ẹ̀yìnkùlé títí àwọn aládùúgbò fi wá eku tó kú fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo bú ọ, mo lé ọ, o kàn ń gbé ìgò rẹ lọ sí igun mìíràn ni.

Ti Odeda ni mi ò lè gbàgbé. O wọ kóòtù funfun tí ẹ ń wọ̀ nídìí iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, o kó ìgò dání, o ń wo ẹnu kànga kiri. Àwọn ìyá ibẹ̀ rò pé wolé-wolé dé! Wọ́n da omi ìkòkò nù láti ilé dé ilé, kí o má bàa bá tanwíjí níbẹ̀ kí o kọ wọ́n sílẹ̀. Kò sí ẹ̀kán omi ní gbogbo àdúgbò. Àlùfáà Láwàlì, ọ̀rẹ́ Bàbá, ló gbà ọ́ sílé, tó fa omi fún ọ nínú kànga tiwọn. O sọ ọ́ fún wa nídìí oúnjẹ, Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi ọbẹ̀ fi gba ihò imú wọn jáde.

Iṣẹ́ náà ku díẹ̀ kó parí, ibà apọ́njú mú ọ. Ọjọ́ Àìkú kan ni ojú rẹ pọ́n, ọjọ́ Àìkú kejì, o ti lọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n! Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. A ti sunkún ibẹ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí, èmi ni mo ṣẹ̀, ẹnu mi náà ni yóò sì sọ ọ́. Nígbà tí ogójì ọjọ́ rẹ pé, èmi ni mo kó aṣọ rẹ jọ fún sàráà. Mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Mo pín in bí Bàbá ṣe là á sílẹ̀, ó wá ku kóòtù funfun yẹn. Mo wò ó, ó funfun, ó gùn dé orúnkún, apá rẹ̀ balẹ̀. Mo ní aṣọ ìrun nìyí, ta ló tún tọ́ sí bí kò ṣe àlùfáà? Ó yẹ kí n yẹ àpò rẹ̀ wò. Mo gbìyànjú, ọwọ́ mi kọ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé n ó bá ọwọ́ rẹ níbẹ̀. Mo ká a bó ṣe wà, mo fi rán sí Àlùfáà Láwàlì ní Odeda. Inú wọn dùn, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀!

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Dókítà Theophilus wá kí wa kú àmúmọ́ra. Wọ́n ní níbo ni ìwé kékeré ẹlẹ́yìn dúdú wà, èyí tí o ń kọ ìṣẹ́jú àti ìṣísẹ̀ gbogbo ìdánwò sí. A ní a ò rí i. Ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ dára, pé ó tó ohun tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ayé yóò kà, ṣùgbọ́n inú ìwé yẹn ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Láìsí i, gbogbo ọdún méjì náà ti bá ọ wọlẹ̀ nìyẹn.

A tú ilé! A gbé bẹ́ẹ̀dì, a ká ẹní, a tú àpótí Ìyá. Títílọlá àbúrò wa, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà, ló dúró láàárín yàrá tó ní àpò kóòtù lo máa ń fi sí. Gbogbo wọn yíjú sí mi, Bàbá sì gbé ojú kúrò lára mi. Ó sàn kí wọ́n bú mi.

Ilẹ̀ mọ́, èmi àti Títílọlá gba Odeda lọ. A bá Àlùfáà lórí ẹní níwájú ilé, kóòtù rẹ lọ́rùn wọn, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀síbà lọ́wọ́ wọn. Mo bèèrè ìwé náà. Wọ́n ní ó wà! Wọ́n ní nígbà tí àwọn ṣí i, òǹkà lórí òǹkà ni àwọn rí, lẹ́sẹẹsẹ, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé, wọ́n sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé hàǹtú ni, irú òǹkà tí àwọn àlùfáà ńlá ń tò fún ààbò. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ìmọ̀ rẹ jìn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kùránì, ẹni tí kò bá ṣe àlùwàlá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Sàlàhúdíìnì, mo rẹ́rìn-ín! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí o ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Mo ní kí wọ́n fún mi, wọ́n ní rárá. Wọ́n ní sàráà òkú kì í padà sílé tó ti jáde. Ẹ̀san rẹ ti wà lọ́run lórí gbogbo ohun tó wà lára kóòtù náà, àwọn kò sì ní jẹ́ ẹni tó mú nínú ẹ̀san òkú fún alààyè. Mo bẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sunkún. Nígbà tí ẹkún ò ṣiṣẹ́, inú bí mi, ìwọ náà mọ ìbínú mi. Ó ku díẹ̀ kí n fọ ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kó sí àgbàlagbà lójú. Mo ń rò ó pé ọwọ́ ara mi ni mo fi sọ iṣẹ́ àbúrò mi nù.

Títílọlá ló gbà mí. Ó kúnlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní Àlùfáà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé pépà ni sàráà ni, àbí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀? Ó ní ṣé wọn kì í da Kùránì kọ láti inú ọ̀kan sí òmíràn láìgba ti ẹni tó ni ín? Àlùfáà wò ó. Lẹ́yìn náà wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ yìí ti mú àwọn. Wọ́n ní lórí wàláà ni àwọn fúnra wọn ti da ohun ẹlòmíràn kọ kí àwọn tó di àlùfáà, pé ká máa wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́jọ! Àlùwàlá ni a kọ́kọ́ ń ṣe, lẹ́yìn náà a ó jókòó sórí ẹní, Títílọlá ń pè é, èmi ń kọ ọ́. Bí a bá parí ojú ewé kan, Àlùfáà yóò gbé méjèèjì sójú, wọn yóò fi ìka tọ òǹkà kọ̀ọ̀kan. Wọn ò gbọ́ òyìnbó kankan, ṣùgbọ́n ojú tó ti ń tọ Kùránì láti ọmọ ọdún méje kì í fo òǹkà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni wọ́n mú wa! Ibi tí mo bá ti kọ mẹ́fà dípò mẹ́sàn-án, wọn yóò mi orí, wọn yóò ní ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà kọ́ nìyẹn.

Ojú ewé tó kẹ́yìn ló pa mí lẹ́kún. O ti fi rúlà fa ìlà rẹ̀, o ti kọ ọ́ sókè pé omi kànga ilé, ìgbà ọyẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ọyẹ́ ni o ń dúró dè, kí omi lè tutù fúnra rẹ̀, kí o lè mọ bí òtútù ṣe ń fà á sẹ́yìn. Dókítà Theophilus ní bí a ò bá rí ti òtútù, ẹsẹ̀ iṣẹ́ náà kò ní dúró dáadáa. Wọ́n ní àwọn yóò wá akẹ́kọ̀ọ́ kan tí yóò ṣe é. Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ ṣèyọnu. Kànga wa ni, òògùn mi ni, àbúrò wa ni.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìwọ náà mọ̀. Dókítà wá lẹ́ẹ̀mejì láti Ìbàdàn, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń wọn òògùn, wọ́n fi ọ̀pá tó ń sọ bí omi ṣe tutù tó sílẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ mú, ìdájí ni à ń jí. Ètè wa là, ìka wa le. Èmi ń mi ìgò, Títílọlá ń wo aago rẹ. Ohun tí o kọ pé ó gba ìṣẹ́jú mẹ́rin nígbà òjò, ìṣẹ́jú méje àbọ̀ ló gbà wá! A kò gbà á gbọ́, a tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá la tún un ṣe, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni ìwọ náà máa ń ṣe tìrẹ. Ìyá ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá bá wa lẹ́bàá kànga, wọ́n á dúró wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, àwọ̀ elésè àlùkò náà ń lọ díẹ̀díẹ̀ nínú ìgò lọ́wọ́ mi, oòrùn là á kọjá. Mi ò rántí ebi, mi ò rántí ṣọ́ọ̀bù, mo kàn ń retí ibi tí yóò ti mọ́. Ìgbà náà ló yé mi ohun tí o ń wò láti ìyálẹ̀ta títí di alásárì. Mo ní wèrè ni, Sàlàhúdíìnì. Mo tọrọ àforíjì. Ó dára láti wò!

Iṣẹ́ náà jáde! Ní ọdún 1985, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àwọn onísáyẹ́ǹsì lókè òkun. Orúkọ rẹ ló ṣáájú, ti Dókítà Theophilus tẹ̀ lé e, orúkọ èmi àti Títílọlá wà lẹ́yìn pátápátá níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́. Dókítà ti bi Bàbá pé ṣé kí àwọn kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ti di olóògbé. Bàbá ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ, kí wọ́n fi ikú sílẹ̀ fún àwa tó mọ̀ nípa rẹ̀. Títílọlá ti wà ní yunifásítì báyìí, ọdún kejì, kẹ́mísírì ló ń kà. Ta ló fẹ́ dá a dúró? Àlùfáà Láwàlì sì wà láàlàáfíà. Wọ́n wá ṣàdúrà fún ọ láàárọ̀ yìí, kóòtù rẹ ni wọ́n wọ̀ wá, ó ti gbó nígbọ̀nwọ́ ṣùgbọ́n funfun rẹ̀ ṣì tàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni mo ti ń fà sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, lẹ́tà kan dé láti ilẹ̀ àwọn ará Japáànì. Dókítà Theophilus ló gbé e wá fúnra wọn, wọ́n ní orúkọ rẹ ló wà lórí rẹ̀, àwọn ò lè já a. Títílọlá já a, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá. Ẹni náà pè ọ́ ní Dókítà Sàlàhúdíìnì! Ó ní òun ti ka iṣẹ́ rẹ, pé òun náà ń ṣe irú rẹ̀, pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí omi Papalanto, kí ló dé tí òǹkà tirẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti àwọn omi yòókù. Ó ní kí o jọ̀wọ́ kọ̀wé sí òun. Ó sì ní òun lérò pé àlàáfíà lo wà.

Bàbá ní kí Títílọlá tún ibẹ̀ kà. Ó tún un kà. Bàbá ní àmín.

Títílọlá ti kọ èsì rẹ̀. Ó kọ ti Papalanto dáadáa, ojú ewé méjì, láti inú òǹkà rẹ. Ojú ewé kẹta ni yóò ti sọ fún un pé o ti kú. Ìyẹn ni kò tíì kọ. Lónìí ló pé ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí lẹ́tà Japáànì náà ti wà lórí tábìlì, kò sí ẹni tó bèèrè, kò sí ẹni tó kánjú. Ìyá ń nu eruku ara rẹ̀, wọ́n á gbé e padà síbi tó wà. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, n kò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ajé, a ó kọ ojú ewé kẹta náà, a ó sì fi èsì ránṣẹ́. Mo ti sọ fún Títílọlá, ó ti gbà. Ó yẹ kí ọkùnrin náà mọ̀, kó lè máa kọ̀wé sí àbúrò rẹ. Ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ Ajé, ẹnì kan wà láyé yìí, Sàlàhúdíìnì, tó gbà pé o wà láàyè, tó rò pé o kàn ń pẹ́ kí o tó fèsì lẹ́tà ni. Ìwọ tí mo mọ̀ yìí! Ó jọ ọ́ gan-an.

Àárò rẹ sọ wá. A fẹ́ràn rẹ, lọ́dún márùn-ún bí i lọ́jọ́ kìíní.

Èmi Sìlífátù ẹ̀gbọ́n rẹ ni, fún Bàbá, Ìyá, Títílọlá àti Sàfúrátù ọmọ rẹ.